Abọ́ Omi Láàrin Abọ́ Obì

Ìdí àbúrò mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ojú rẹ̀ wà nínú abọ́ tí a rẹ obì sí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di etí abọ́ náà mú, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa omi inú rẹ̀, fùrù, fùrù, bí ajá. Omi obì ni, omi ọjọ́ kejì, tó ti pọ́n, tó ti ń yọ̀, tí awọ funfun ara obì ti ń jẹrà sínú rẹ̀. Mo ju apẹ̀rẹ̀ ọwọ́ mi sílẹ̀, mo fẹ́ sáré lọ gbé e. Ìyá àgbà na ẹsẹ̀ kan jáde láti orí àpótí tó jókòó lé, ó fi dí mi lọ́nà.

"Dúró ná," ó wí. "Jẹ́ kó gbé ẹ̀kan sí i mì, kí n wò ó."

"Màmá, omi obì ni."

"Mo mọ̀ pé omi obì ni. Èmi ni mo rẹ obì ọ̀hún. Ọ̀fun rẹ̀ ni mò ń wò."

Ó wò ó títí ọ̀fun ọmọ náà fi lọ sókè, tó sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ló wá nawọ́ fà á kúrò nídìí abọ́, wọ́ọ́rọ́, ó gbé e lé itan, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹnu rẹ̀.

"Ó lè mì," ó wí. Kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀. "Kò sí nǹkan kan tó ṣe ọ̀fun ọmọ yìí."

Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ náà ti kọ omi. Ìyá mi lóyún mìíràn nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, àwọn àgbà ilé sì ní kí wọ́n já a lẹ́nu ọmú kíá, pé ọmú aboyún a máa ba inú ọmọ jẹ́. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nìyẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi nígbà tí mo ń bí tèmi pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó bi nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Ipara fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí ọmọ má baà máa gbóòórùn rẹ̀. Ó lọ ní kùtù òwúrọ̀. Kò dágbére fún ọmọ, èmi ló dágbére fún.

"Ìwọ ni ìyá rẹ̀ báyìí," ó wí, ó sì wọ ọkọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Iléèwé ti gba ìsinmi, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo Ibido, ìlú wa, gbẹ, ètè gbogbo wa ń là. Ọmọ náà ń jẹ nǹkan díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń jẹ ẹ̀wà tí mo bá fi ìka tẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n bí kóòpù bá ti yọ báyìí, á pa ẹnu dé, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á fi ọwọ́ gbá a. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo jó fún un. Mo ní kí adìẹ wá gbà á mu. Kò gbà. Bàbá mi, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í wọlé kí ilẹ̀ tó fẹ́ẹ́ ṣú. Ní alẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà tí mo sọ fún un pé ọmọ ò mu omi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tán kó tó dá mi lóhùn.

"Rọ ọ́," ó wí. "Báyìí náà kọ́ ni ìyá yín ṣe ń rọ ọ́ lágbo ni? Tó bá pa ẹnu dé, di imú rẹ̀ mú. Á là á."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tẹ́ ẹ sórí itan mi, mo di imú rẹ̀ mú, mo ṣe ọwọ́ kòtò sí i lẹ́nu, mo da omi sí i. Ó là á lóòótọ́. Ìdajì omi náà dà sí i lọ́rùn, ìdajì wọlé, ó sá pá a lórí, ó bì, ó sì bi búrẹ́dì tó ti jẹ tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì, kò tún jẹ́ kí n tẹ́ òun sórí itan mọ́. Bí mo bá ti jókòó báyìí, á sáré.

Ìyá àgbà tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìyá bàbá mi, kì í ṣe ìyá ìyá mi. Alábàágbé wa ni. Ẹ̀yìnkùlé wa àti tirẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni, okùn aṣọ méjì ló wà láàrin wọn. Oníṣòwò obì ni, mùsùlùmí, opó. Ó ti tó ọgọ́ta ọdún tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú díẹ̀ nítorí abọ́ obì tó ti ń tẹ̀ wò látọjọ́ pípẹ́. Tí a bá jí láàárọ̀, ohun tí a máa kọ́kọ́ gbọ́ ni obì tó ń dún wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tó ń jọ̀ ọ́, tó ń ṣàn án, tó ń dà á pa dà. Òórùn obì tí awọ rẹ̀ ń jẹrà nínú omi a máa gbé inú aṣọ. Kò burú, kò dáa. Ó kan, ó sì tutù. Mo lè mọ̀ pé ó ti gba ojúde wa kọjá láìfojú rí i. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Ìka rẹ̀ funfun lórí, wọ́n hunjọ bí ìgbà téèyàn bá ti pẹ́ jù lódò. Kì í yára sọ̀rọ̀. Ojúlówó Rẹ́mọ ló ń sọ, tó kì, tí àwọn ọmọ mi lónìí kò ní gbọ́ tán. Bí gbogbo yín ṣe máa lè kà á ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn, ó rí mi tí mo ń sunkún lẹ́yìn ilé, ó ní kí n gbé ọmọ wá kí n wá bá òun fọ obì. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dé ìdí abọ́.

Nígbà tó ti nu ẹnu ọmọ náà tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe ń yẹ obì wò, díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan ètè rẹ̀, tó ti ń bó. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìdí rẹ̀. Aṣọ náà gbẹ. Ó gbé ọwọ́ lé òkè orí rẹ̀, níbi tó rọ̀, tí a ń pè ní àwùjẹ̀, ó fi í síbẹ̀ pẹ́. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ìyá àgbà sì tẹjú mọ́ ojú rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ó bi mí. "Ó ń ké, kò sí omi lójú. Àwùjẹ̀ rẹ̀ sì ti jìn wọlé. Ìgbà wo ló tọ̀ gbẹ̀yìn?"

"Lánàá, Màmá. Kò pọ̀. Ó pọ́n."

Mo wo ojú rẹ̀. Mo ti mọ ojú àgbà tó bá ń bẹ̀rù, nítorí pé wọn kì í jẹ́ kó hàn, ojú wọn a kàn dúró sójú kan.

"Kí lẹ fi ń fún un lómi?"

"Kóòpù ni."

"Lọ gbé e wá."

Mo lọ gbé e wá. Kóòpù tánganran kékeré kan ni, aláwọ̀ ewé, tó ti ní ojú dúdú méjì níbi tó ti bó. Ó gbé e sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e sí imú tèmi náà.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Àgbo ni, Màmá."

"Àgbo àárọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òun ni wọ́n fi ń rọ ọ́. Òun nìkan ló kéré tó ẹnu rẹ̀."

"Látìgbà tí wọ́n ti bí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó da ojú kóòpù náà bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Ọmọ yìí kò tíì mu omi nínú kóòpù rí láyé rẹ̀," ó wí. "Ìkorò ló ń mu níbẹ̀. Tó bá fẹ́ ohun tó dùn, ọmú ìyá rẹ̀ ló ń lọ. Wọ́n wá gbé ọmú lọ sí Ipara, ẹ wá ń gbé kóòpù lé e lẹ́nu. Ìwọ tó gbọ́n, tó ti ń ka ìwé, ṣé wàá là á?"

Ó tún béèrè ohun tí mò ń ṣe nígbà tó bá pa ẹnu dé. Mo wo ilẹ̀. Mo ní mo máa ń di imú rẹ̀ mú. Mo retí kó gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó kàn tún ọmọ náà gbé sórí itan kejì.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́," ó wí. "Omi tí a fi agbára dà sí ọmọ lẹ́nu kì í mọ ọ̀nà. Nígbà mìíràn, ọ̀nà èémí ló ń gbà. Mo ti rí i rí."

Kò sọ ibi tó ti rí i. Mi ò bi í, nítorí pé bó ṣe sọ ọ́ kò dà bí ohun tí ọmọdé ń béèrè.

Ó wá sọ fún mi ohun tí a máa ṣe, ó sì sọ ìgbà tó máa parí. Bí òun bá kí ìrun Àìlà ọ̀sán tán tí ọmọ náà kò tíì tọ̀, a ó gbé e lọ sí dísípẹ́ńsárì, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹ dúró de bàbá rẹ̀. Oòrùn ò tíì ga púpọ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo ń wo òjìji ògiri láti ìgbà náà lọ.

Abọ́ tánganran ńlá márùn-ún ló ní tó fi ń rẹ obì. Ó mú ẹ̀kẹfà tí kò tíì fi rẹ nǹkan kan, tó fẹ́ fi ṣe nǹkan mìíràn, ó fi eérú àti kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó da omi gbígbóná sí i, ó ṣàn án nù. Ó bu omi tó ti sè láàárọ̀, tó ti tutù, sínú rẹ̀, ó sì po ẹ̀kọ mímu díẹ̀ sí i kó lè dà bí omi obì lójú. Ó wá fi ewé gbòdògì bo àwọn abọ́ obì yòókù, ó fi òkúta lé ewé náà. Abọ́ omi mímu yìí, ó gbé e sáàrin wọn, ó fi ewé bò ó ní ìdajì, kò gbé òkúta lé e.

"Báyìí," ó wí, "gbé ọkọ mi sílẹ̀. Kọ ẹ̀yìn sí i. Máa fọ obì rẹ."

"Tí kò bá mu ún ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ló máa ṣe é, ṣé mi ò bá ti bẹ̀ ẹ́? Kọ ẹ̀yìn sí i."

A kọ ẹ̀yìn sí i. A ń fọ obì. Mo ń bó awọ rẹ̀ pẹ̀lú èékánná, mo ń jù wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí iyanrìn, tó ń tẹ̀, tó ń dúró. Mo gbọ́ tó gbé ewé kan, tó jù ú sílẹ̀. Ó dákẹ́. Mo fẹ́ yíjú.

"Má yíjú," ni ìyá àgbà wí, wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó wá gbé ohùn sókè díẹ̀, bí ẹni ń bá mi rojọ́: "Ẹni tó bá fọwọ́ kan abọ́ mi yẹn lónìí, ọ̀rọ̀ wa á pọ̀ o. Omi obì mi ni. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mu ún."

Mo gbọ́ ọwọ́ nínú omi, plọ́. Mo gbọ́ tó ń lá ọwọ́ náà. Ó tún ki í bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo wá gbọ́ fùrù, fùrù yẹn, kékeré, tó dúró, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà ń da obì pa dà nínú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ̀rọ̀wọ̀rọ̀, kí ariwo rẹ̀ lè bo àwa méjèèjì. Mo rí i pé ojú rẹ̀ ti pa dé. Mo rò pé ó ń gbàdúrà. Bóyá oorun ló ń gbé e lọ. Láti ìgbà Àsùbáà ló ti wà lórí àpótí yẹn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí oòrùn fi kan wa lórí. Ọmọ náà á lọ, á ṣeré pẹ̀lú èèpo obì, á tún yọ́ bọ̀. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Àìlà, mo ti gbé e pọ̀n, ó ti sùn, ẹ̀yìn mi sì gbẹ. Ìyá àgbà ṣe àlùwàlá, ó kírun, ó dìde. Ó fi ọwọ́ kan ìdí ọmọ náà lẹ́yìn mi. Aṣọ ṣì gbẹ. Ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú ìborùn rẹ̀ ti òde àti bàtà rẹ̀, mo sì mọ̀ pé dísípẹ́ńsárì là ń lọ. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òun bá mi fún ọ̀já. Ìgbà tó ń fún un ni nǹkan kan gbóná lẹ́yìn mi, díẹ̀, ó wá tàn kálẹ̀, ó ṣàn dé ìbàdí mi.

"Màmá, ó ti tọ̀."

Ó fi ọwọ́ kàn án. Ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ojú ò tì í.

"Ó ṣì ń rùn jù," ó wí. "Kò tíì tó. Ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Ó di Alásárì. Tí kò bá tún tọ̀ nígbà náà, a ṣì ń lọ."

Kó tó di Alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́, ó tún tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sílẹ̀ níbi tí mo wà, mo sunkún gbogbo omi tí ọmọ náà kò ní lójú. Ìyá àgbà jẹ́ kí n sunkún tán. Ó wá ní, "Ó tó. Obì wà nílẹ̀."

Nígbà tí bàbá mi dé, ó bá wa lẹ́yìnkùlé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Ìyá, kí ẹ má bínú, ọmọ kì í fi ọgbọ́n gbé àgbà. Ẹ jẹ́ ká rọ ọ́, ká yéé bá a ṣeré. Bí wọ́n ṣe rọ èmi náà nìyẹn."

"Ó sì hàn lára rẹ," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Gbọ́ ná. Tí mo bá di imú rẹ mú, tí mo da ògógóró sí ọ lẹ́nu láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣé wàá fẹ́ràn ògógóró?"

"Ìyá, mo ti fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Háà. Èmi ni mo ṣi àpẹẹrẹ mú."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó rẹ̀ ẹ́ náà, mo rí i, ekuru ọ̀nà wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ rírọ mọ́. Ó ní kí ọmọ náà máa wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà lọ́sàn-án títí ìyá rẹ̀ á fi dé, ó sì dúpẹ́. Ọkùnrin a máa rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ló ṣì kù. Ọmọ náà kò mu omi níbikíbi ju inú abọ́ yẹn lọ, kò sì mu ún bí ẹnikẹ́ni bá ń wò ó, tàbí tí a kò bá ṣiṣẹ́. Tí a bá jókòó lásán báyìí, á wò wá, á lọ. Tí obì bá ń dún, á mu. Torí náà obì ní láti máa dún. Lọ́jọ́ karùn-ún, obì tó yẹ ká fọ̀ ti tán. Gbogbo rẹ̀ ti mọ́, ó ti gbẹ, ó ti wà nínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, ó ń dúró de àwọn Gàńbàrí tó ń wá rà á. Ìyá àgbà tú agbọ̀n kan. Ó dà á sínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un fọ̀.

"Màmá, eléyìí ti mọ́."

"Mo mọ̀."

A fọ obì tó ti mọ́ ní ọjọ́ karùn-ún, a fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ kẹfà, a fọ̀ ọ́ títí. Lójoojúmọ́ ló ń jókòó láti àárọ̀ dé Mágàríbì, tó ń dà á, tó ń kó o. Ó ń tòògbé lórí àpótí, orí rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò máa lọ. Nígbà mìíràn, á sọ fún mi pé kí n máa bá òun sọ̀rọ̀ kí òun má baà ṣubú. Mi ò mọ ohun tí mo lè bá àgbàlagbà sọ. Mo sọ ìtàn iléèwé fún un. Mo ka ìṣirò fún un lórí. Ó ní ìṣirò náà dára fún oorun. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sún abọ́ ọmọ náà kúrò láàrin abọ́ obì, ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan lóòjọ́, ó sì gbé igbá kékeré kan sínú rẹ̀ tó léfòó, kò sì sọ ohun tó wà fún. Ní ọjọ́ kẹjọ, ọmọ náà fi igbá yẹn bu omi fúnra rẹ̀, ó dà á sí àyà, ó tún bù ú, ó mu ún lójú wa. Ìyá àgbà kò yọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ dìde, ó lọ dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó sùn títí wọ́n fi pe ìrun.

Ìyá mi dé ní ọjọ́ kẹsàn-án pẹ̀lú iṣu àti ata láti Ipara. Ọmọ náà wò ó bí àlejò, lẹ́yìn náà ó rìn lọ bá a. Ó fa aṣọ rẹ̀ láyà lẹ́ẹ̀kan, ó fi í sílẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà.

"Mo gbọ́ pé ẹ ṣe wàhálà, Màmá."

"Wàhálà wo? Ọmọ ló mu omi."

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa kò rí. Mo lọ da ilẹ̀ nù ní ààtàn nírọ̀lẹ́. Ìyá àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n kan. Ó ń da obì nù. Obì tó bá mu omi jù kì í pẹ́. Ó ti dúdú láàrin, ó ti rọ̀, ó ti ń hù. Gàńbàrí tó wá rà á ti tú u wò, ó ti mi orí, ó ti kọjá lọ. Agbọ̀n tí a fọ̀ títí ni. Mo dúró. Mo mọ ohun tí mò ń wò, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, mi ò kéré. Ó gbọn agbọ̀n náà, ó gbá ìdí rẹ̀ kí ìyókù lè bọ́, ó wá rí mi.

"Kí lo dúró wò?"

"Màmá, obì yẹn..."

"Obì ni," ó wí. "Lọ wo ọmọ."

Ó kọ́ agbọ̀n sí apá, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Kò sọ ọ́ fún bàbá mi. Kò sọ ọ́ fún ìyá mi. Èmi náà kò sọ ọ́. Nígbà tí ìyá àgbà kú, mo ti wà nílé ọkọ, àbúrò mi sì ti di géńdé. Ó wá síbi ìsìnkú náà, ó jókòó pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó mu mínírà méjì, kò sì mọ̀ pé òun ti mu agbọ̀n obì kan rí.

Ọmọ ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi báyìí ní Ògèrè. Ìyá rẹ̀ gbé e wá láti Èkó lọ́jọ́ Sátidé láti já a lẹ́nu ọmú, òun àti ìgò méjì, ọ̀kan ní imú bí ẹnu ẹyẹ, ọ̀kan ní igi tí wọ́n ń fi fa omi. Kò fẹ́ èyíkéyìí. Mo gbìyànjú abọ́. Abọ́ kò ṣiṣẹ́ fún eléyìí. Ó dà á nù, ó jókòó sínú rẹ̀. Mo gbìyànjú igbá, ó fi lu ilẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ kò yé mi títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí mo rí i pé tí mo bá kọ́kọ́ jẹ́ kó fún mi ní omi mu, tí mo gbé e mì, tí mo la ẹnu hàn án pé ó ti tán, òun náà á mu ẹ̀kan. Ẹ̀kan tirẹ̀, ẹ̀kan tèmi. Láti àárọ̀ di alẹ́. Inú mi kún fún omi, mo ń dìde lóru bí aboyún, orúnkún mi ń dùn mí, mo sì ń ti ọwọ́ bọ aṣọ ìdí rẹ̀ ní wákàtí wákàtí.

Iwájú ilé mi ni mo ti ń ta píọ̀ wọ́tà àti mínírà tútù fún àwọn onímọ́tò. Mi ò tíì ṣí i láti Sátidé. Áìsì ti yọ́ nínú kúlà, àwọn oníbàárà mi ti ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kejì, mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pè é láti ibi tí mo jókòó sí pẹ̀lú ọmọ. Ìgbà kan wà tí mo rò pé ọgbọ́n ìyá àgbà yẹn ni mo mú dání, ọgbọ́n abọ́ àti ewé. Kì í ṣe òun. Abọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ ni ìjókòó náà: kéèyàn jókòó ti ọmọ tó ń kọ̀, kó má bínú sí i, kó má sì fi agbára ṣe é, kí iṣẹ́ tirẹ̀ máa bàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì mọ̀ pé ó ń bàjẹ́.

Ọmọ mi a máa pè lórí fóònù lálaalẹ́, tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Ohùn rẹ̀ a máa rẹ̀ ju tèmi lọ. Ọmú ń wú u, kò sì lè sùn.

"Màmá, ṣé ó mu omi lónìí?"

"Ó mu."

"Ó pọ̀?"

"Ó pọ̀ díẹ̀ ju tàná lọ. Ó tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ṣé ọjà ń lọ?"

Mo ní ọjà ń lọ. Mo ní kó lọ sùn.